Ojú Ọnà: Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ọnà àti Ọjọ́ Ọ̀la Ọnà ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹni tí ó bá rìn ní ìgboro Àgọ́-Ìwòyè lónìí kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i pé iṣẹ́ ọnà ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ní ọdún 1982 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn dá yunifásítì sílẹ̀ ní ìlú náà. Ní ọdún 2001 ni wọ́n sọ ọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ sí, ìwé ìpè, pátákó ìpolówó, àmì ẹgbẹ́ àti aṣọ tí a tẹ àwòrán sí yóò pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà kan rí, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì ni irinṣẹ́ àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà ni, àní fóònù àtẹ́lẹwọ́ pàápàá.

Ẹ jẹ́ kí a fi akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. A kò sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Ká sọ pé etí omi ní Ogun Waterside ni ilé baba rẹ̀, tí baba náà sì ń pẹja. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé ìyá rẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti ń la gẹdú. Òun alára wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ya ọnà fún àwọn oníbàárà. Ní ọjọ́ kan, bàbá kan tí ó wà lára àwọn tí ń ṣètò ayẹyẹ ìlú wá bá a pé kí ó bá àwọn ya ọnà tí a ó tẹ̀ sára àpò tí wọn yóò fún àlejò. Bàbá náà wá sọ gbólóhùn kan tí ó dàbí àlọ́: “Ọmọ mi, ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni a ń fẹ́ o, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti Ìjẹ̀bú.”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dáhùn pé òun ti gbọ́. Ó délé, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kí ó tó pajú dé, ọnà ilẹ̀ Íńdíà, ti Jàpáànù àti ti ilẹ̀ Aláwọ̀ Funfun ti kún ojú ẹ̀rọ náà. Ó tún bẹ ẹ̀rọ tí ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá yàwòrán pé kí ó ya ọnà Ìjẹ̀bú fún òun. Ẹ̀rọ náà kò kọ̀. Ó yàwòrán ìlù, ìlẹ̀kẹ̀ àti ojú obìnrin kan tí ó we gèlè. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ìlúkílùú ní ilẹ̀ adúláwọ̀ ni ó lè jẹ́ ti rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà ti jókòó, ìbéèrè méjì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Èkíní ni pé: kí ni a ń pè ní dídá ọnà gan-an? Èkejì ni pé: bí ẹ̀rọ bá lè ṣe èyí ní ìṣẹ́jú kan, ṣé iṣẹ́ òun ṣì ní ọjọ́ ọ̀la? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àlàyé yìí dá lé.

Ohun tí èdè wa mọ̀ nípa ọnà

Kí a tó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn fún ìdáhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ èdè wa wò. Ohùn ni ó ya ọnà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń tọ̀: ohùn àárín ni ó bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ti èkejì. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì láìfi àmì sí wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọn a di ọ̀kan náà, ẹni tí kò gbọ́ èdè kò sì ní mọ̀ pé nǹkan sọnù.

Ọnà tí a ń wí yìí gbòòrò. Ó wà lára igbá tí a fín, lára ilẹ̀kùn tí a gbẹ́, lára aṣọ tí a hun, àti lára ènìyàn tí a kọ ní kóló. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó wà nínú orúkọ ènìyàn pẹ̀lú. Ọnàbánjọ, Ọnàbólú, Ọnàfowókàn: irú orúkọ wọ̀nyí ń tọ́ka sí ìdílé àwọn oníṣẹ́ ọnà. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ayé ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gba abẹ́ pátákó yunifásítì tí ọnà wà nínú orúkọ rẹ̀ kọjá, bóyá ni ó sì ti ronú kàn án rí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àrà. Bí ẹnì kan bá ṣe ohun tí a kò rí irú rẹ̀ rí, a ní ó dárà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí bí a ti ń lo ọ̀rọ̀ náà. Onílù a máa dárà, ṣùgbọ́n lórí ìlù tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lù lọ ni ó ti ń dá a. Bí ó bá fi ìlù àjọlù sílẹ̀ tí ó ń lu tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó dárà. Wọn yóò ní ó ti ṣì í lù. Ìtumọ̀ èyí ni pé àrà kò lè dá dúró. Ohun tí a ti mọ̀ ni ilẹ̀ tí ó ń hù lé lórí. Gbólóhùn bàbá oníbàárà nì kì í ṣe àlọ́ mọ́ bí a bá fi ojú yìí wò ó: ohun tí a kò rí rí, tí ó sì jẹ́ ti Ìjẹ̀bú, ni Yorùbá ń pè ní àrà.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rowland Abíọ́dún, tí ó ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ìbátan ọnà àti èdè Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ ńlá lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 2014, ṣàlàyé pé oníṣẹ́ ọnà nílò ojú inú àti ojú ọnà. Ojú inú ni ó fi ń mọ ohun tí nǹkan jẹ́ gan-an kí ó tó dáwọ́ lé e. Ojú ọnà ni ó fi ń mọ ohun tí yóò bá a mu. Ó fi ìfarabalẹ̀ kún un, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ kò lè ríran. Ṣáájú rẹ̀, Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà, lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó ń bi àwọn ará ìlú pé kí ni ó mú kí ère kan dára ju òmíràn lọ. Ní ọdún 1973 ni ó tẹ ohun tí ó gbọ́ jáde. Lára ohun tí wọ́n sọ fún un ni jíjọra, èyí ni pé kí ère jọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kí ó má jọ ọ́ jù. Ẹ ò rí i pé àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníṣòwò tí kò rí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ gíga ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọnà.

Ẹ̀kọ́ inú ìgèrè

Ogun Waterside nìkan ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ó kan òkun ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Láti Àbígì títí dé Ìwópin, omi, ọ̀sà àti irà ni ó gba ilẹ̀ náà, ẹja pípa sì jẹ́ iṣẹ́ àtayébáyé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ apẹja ni kò ka ìgèrè kún ọnà rárá. Wọ́n rò pé ọnà ni ohun tí a fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, ìgèrè sì jẹ́ ohun tí a ń rì sínú omi níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Àṣìṣe ńlá ni èyí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe ìgèrè. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a là ni a fi okùn dì pọ̀ tí ẹnu rẹ̀ fi fẹ̀, tí ìdí rẹ̀ sì sún kì. Nínú ẹnu náà ni a tún fi ẹnu kékeré mìíràn sí, tí ṣóńṣó àwọn ọ̀pá rẹ̀ kọjú sí inú. Nígbà tí ẹja bá ń wọlé, àwọn ṣóńṣó náà a yà fún un. Nígbà tí ó bá fẹ́ jáde, àwọn ṣóńṣó kan náà ni yóò dènà rẹ̀. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò ṣòro fún un láti dúró níbi tí a rì í sí. Àlàfo tí ó wà láàárín ọ̀pá kan àti èkejì ni ó ń sọ irú ẹja tí yóò mú: bí àlàfo bá fẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ yóò sá lọ, yóò sì dàgbà di ti ọdún tí ń bọ̀.

Kò sí ọ̀pá kan nínú ìgèrè tí kò ní iṣẹ́. Síbẹ̀, bí a bá gbé e jáde nínú omi tí a gbé e sójú oòrùn, ó lẹ́wà. Ẹwà rẹ̀ kò ti òde wá. Láti inú iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni ó ti wá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe é bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè: báwo ni ilẹ̀kùn ṣe lè ṣí fún ẹni tí ń wọlé kí ó sì tì fún ẹni tí ń jáde, láìsí olùṣọ́? Ìgèrè ni ìdáhùn. Òye tí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ń wá kiri nínú ìwé òkèèrè nìyí, pé kí a mọ ìbéèrè kí a tó ya ohunkóhun. Ó sì wà ní ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀.

Aṣọ tí ó rìnrìn àjò

Ẹnì kan lè sọ pé ìgèrè kò kúrò létí omi rí, àti pé ayé òde òní ń fẹ́ ohun tí yóò tàn kálẹ̀. Ọnà Ìjẹ̀bú ti tàn kálẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí àwọn oníṣòwò Òyìnbó ń bọ̀ sí etíkun wa, aṣọ Ìjẹ̀bú wà lára ohun tí wọ́n ń rà láti lọ tà fún àwọn ará Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú aṣọ wọ̀nyí ni aṣọ olónà. Orí òfì tí ó dúró ṣánṣán ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ti ń hun ún. Wọn a fi fọ́nrán òwú mìíràn kún èyí tí ó dábùú aṣọ, wọn a sì máa gbé e gba orí àti abẹ́ àwọn fọ́nrán tí ó dúró, títí àwòrán yóò fi yọ lára aṣọ náà. Ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò wà lára àwọn àwòrán náà; ẹ̀dá tí ó mọ omi àti irà ni wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń wọ̀ ọ́. Aṣọ ìjòyè ni, aṣọ Òṣùgbó ni. Ìtàgbè tí àwọn Òṣùgbó ń fi kọ́ èjìká ní òwú tí ó yọ síta bí ṣàkì inú ẹran, ẹni tí ó bá sì rí i mọ irú ènìyàn tí òun bá pàdé.

Lisa Aronson, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, tọpasẹ̀ aṣọ yìí, ó sì tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1992. Aṣọ náà bá omi lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ̀ tí ń gbé ẹsẹ̀ odò Ọya. Nígbà tí ó débẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn: wọ́n pè é ní ikakibite, èyí tí í ṣe aṣọ ìjàpá ní èdè wọn. Láti ibẹ̀, ọnà náà dé Akwete ní ilẹ̀ Ìgbò, àwọn obìnrin ahunṣọ ibẹ̀ sì mú nínú rẹ̀, wọ́n fi tiwọn kún un, títí aṣọ Akwete fi gba orúkọ ara rẹ̀.

Ǹjẹ́ olè ni àwọn ará Akwete ja? Rárá. Wọ́n rí ohun kan, wọ́n jókòó tì í, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn hun ún, wọ́n rí ìtumọ̀ tí ó bá ayé wọn mu nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin Kàlàbárì tilẹ̀ ṣe èyí tí ó ya ni lẹ́nu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ra aṣọ onígun mẹ́rin-mẹ́rin tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá, wọ́n mú abẹ, wọ́n ń gé àwọn fọ́nrán kan nínú rẹ̀, wọ́n ń fà wọ́n yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ọnà tuntun fi jáde. Pelete bite ni wọ́n ń pè é. Wọn kò fi nǹkan kan kún aṣọ náà. Yíyọ ni wọ́n yọ. Àrà ni èyí, nítorí pé wọ́n mọ aṣọ náà dé fọ́nrán.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣáájú

Akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Àgọ́-Ìwòyè kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìbéèrè yìí yóò dà láàmú. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí Àìná Ọnàbólú sí ní ọdún 1882. Láti kékeré ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé àwọn Òyìnbó tí ó ń yà á, láìsí olùkọ́. Ní ọdún 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, èyí tí a ṣì ń tọ́ka sí dòní. Ní ọdún 1920 ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Èkó, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ọnà sínú ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1927 ni ìjọba mú Kenneth Murray wá láti òkè òkun fún iṣẹ́ yìí. Ní àkókò tí àwọn kan ń sọ pé adúláwọ̀ kò lè yàwòrán bí Òyìnbó, Ọnàbólú yà á bí ti Òyìnbó. Ìbéèrè ìgbà tirẹ̀ nìyẹn, ó sì dáhùn rẹ̀.

Ní ọdún 1958, ìbéèrè ti yí padà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Zaria, lára wọn Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní yíyàwòrán bí Òyìnbó kò tó mọ́. Kí a mú èyí tí ó dára nínú ẹ̀kọ́ àjèjì, kí a sì pò ó mọ́ ti ilẹ̀ wa. Okeke lọ kọ́ uli, ọnà tí àwọn obìnrin Ìgbò ń fín sí ara àti sí ògiri. Nwoko mú ilẹ̀ pupa, ó pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù tí ó bá ooru ilẹ̀ wa mu; ilé ìjọsìn tí ó yàwòrán rẹ̀ fún àwọn Dòmíníkà wà ní Ìbàdàn títí di òní. Ní ọdún 2023, ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ọdún márùnlélọ́gọ́ta ni ó wà láàárín ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà àti ẹ̀bùn yìí.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fìlání, Tọ́lá Wéwè, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nàsírù dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un ni Ọnà. Wọn kò wá orúkọ lọ sí ibòmíràn, nítorí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń wá. Ìran kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìbéèrè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń dá ìdáhùn ìran tí ó kọjá kọ, àdàkọ ni ó ń ṣe, bí ó ti wù kí àdàkọ náà dára tó.

Ẹ̀rọ, àdàkọ àti oúnjẹ ẹni

Kí wá ni ìbéèrè ìran ti òní? Ẹ jẹ́ kí a wo Abẹ́òkúta kí a tó dáhùn. Gbogbo ayé ni ó mọ àdìrẹ Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tí ọkọ̀ òkun kó wá láti ìlú Òyìnbó ni ó mú kí iṣẹ́ náà gbilẹ̀, páànù tí a gé ihò sí lára ni àwọn ọkùnrin sì fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ kí a tó rẹ ẹ́ sínú aró. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935, àwọn aládìrẹ fi àwòrán ọba àti ayaba sára aṣọ, wọ́n pè é ní Olóba. Irinṣẹ́ àjèjì kò pa àdìrẹ; ó bọ́ ọ. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ọ̀tá.

Ohun tí ń pa àwọn aládìrẹ lára ni aṣọ tí ilé iṣẹ́ òkèèrè fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n da ọnà àdìrẹ kọ sí lára, tí kò fojú kan aró rí, tí a sì ń tà ní owó pọ́ọ́kú ní ọjà wa. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò mọ orúkọ ọnà náà. Ẹni tí ń rà á kò bi í. Ìyá tí ó fi ọjọ́ púpọ̀ rẹ aṣọ wá jókòó ti ọjà rẹ̀. Àwọn tí ó mọ bí a ti ń hun aṣọ olónà náà kò pọ̀ tó ti àtijọ́ mọ́, bí àgbà kan bá sì lọ láìsí ẹni tí ó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ ọnà tí ó mọ̀ bá a lọ.

Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá fi kún eré tí àdàkọ ń sá. Àìmọye àwòrán ni wọ́n ti fi hàn án. Ó mọ ohun tí ó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun mìíràn, ó sì lè po wọ́n pọ̀ ní ìṣẹ́jú akàn. Bí a bá ní kí ó ya ìgèrè, yóò ya ohun tí ó jọ ìgèrè. Ṣùgbọ́n bóyá ẹnu kékeré ti inú yóò kọjú sí ibi tí ó yẹ, ẹni tí ó ti rì ìgèrè sínú omi rí ni yóò mọ̀. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwòrán ni aṣọ tí ẹ̀rọ ní. Ìrírí tí ó bí àwòrán náà ni àkísà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju àwòrán lọ ni ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó mọ ìdí ọnà yóò máa rán ẹ̀rọ ní iṣẹ́.

Ohun kan tún wà tí a kì í sábà dárúkọ, òun ni ohun èlò. Igbó ni ó fún Ìjẹ̀bú-Igbó ní orúkọ, gẹdú sì ti mú owó wọ ìlú náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ní agbègbè náà ni Igbó Ọba ti Ọmọ wà, èyí tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1925, tí àjọ UNESCO sì fi kún àwọn igbó tí ayé ń dáàbò bò ní ọdún 1977. Síbẹ̀, gígé igi àti dídá oko kò jẹ́ kí igbó náà sinmi. Igi tí a fi ń gbẹ́ ìlù àti ọkọ̀ ojú omi kì í hù ní ọ̀sẹ̀ méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń ya àga tàbí ilẹ̀kùn lónìí níláti bi ara rẹ̀ pé irú igi wo ni yóò kù fún ẹni tí yóò gbẹ́ òmíràn ní ogójì ọdún sí i. Èyí náà wà nínú ọnà, gẹ́gẹ́ bí àlàfo inú ìgèrè ti wà nínú ọnà.

Ohun tí olùkọ́ lè ṣe

Ọ̀nà àbáyọ kò ju agbára wa lọ. Olùkọ́ lè rán akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ bá ẹnì kan ṣoṣo ní ìlú rẹ̀ tí ó mọ ohun kan ṣe: ahunṣọ, ahunní, agbẹ́gilére, apẹja tàbí káfíńtà. Ìbéèrè mẹ́rin ni kí ó bi í. Kí ni orúkọ rẹ̀? Iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe? Kí ni kò gbọdọ̀ yí padà nínú rẹ̀? Kí ni ẹ̀yin ti yí padà láti ìgbà tí ẹ ti kọ́ ọ? Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ọ bí ẹni náà bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kẹrin ṣe pàtàkì, nítorí pé yóò fi han ọmọ náà pé àwọn àgbà pẹ̀lú ń dárà, àti pé àṣà kì í ṣe òkúta.

Ìbéèrè kẹta sì ní ewu tirẹ̀. Ó rọrùn láti mú àwòrán ara ìtàgbè kí a tẹ̀ ẹ́ sára àpò ayẹyẹ, nítorí pé ó lẹ́wà, ti Ìjẹ̀bú sì ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a fi ń mọ ẹni tí ó ti wọ awo kì í ṣe ohun tí a fi ń gbé àgbàdo lọ sílé. Ẹni tí ó ní ojú ọnà yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Bí wọ́n bá ní rárá, yóò gbà pé ìdáhùn náà wà lára ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ká wá ní akẹ́kọ̀ọ́ wa gba ilé baba rẹ̀ lọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó jókòó ti baba náà bí ó ti ń tún ìgèrè ṣe, ó sì béèrè pé: “Bàbá, èéṣe tí ẹ fi kọjú àwọn ọ̀pá yìí sí inú?” Ó ti ń rí ìgèrè láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò béèrè rí. Nígbà tí ó padà dé Àgọ́-Ìwòyè, kò ya àwòrán ìgèrè sára àpò. Ó ya ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àpò, tí ó ń fẹ̀ bọ̀ lókè, ó sì ní kí aránṣọ ká ẹnu àpò náà sí inú, kí ohun tí a bá kó sí i má baà dà nù. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá rí i yóò dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ó jọ ohun tí ó mọ̀, kò sì jọ ọ́ jù.

Bàbá oníbàárà lè gbà á; ó sì lè ní ìlù àti gèlè ni òun ń fẹ́. Iṣẹ́ ọnà kò lè yọ ẹnikẹ́ni nínú èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé kí ni ìtumọ̀ àwọn ìlà náà, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò lè sọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó kọ́ ọ. Ọjọ́ ọ̀la ọnà ní ilẹ̀ wa wà lọ́wọ́ iye àwọn ọmọ tí yóò lè dáhùn ìbéèrè yẹn, ó sì wà lọ́wọ́ àwa olùkọ́ àti òbí tí yóò kọ́ wọn láti béèrè nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.